Ajá Tí Kì í Gbé Orí Kúrò Nínú Abọ́

Bí mo bá ní ajá kan wà nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde rí tó ń mu omi ju màlúù lọ, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń purọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti ajá yìí, díẹ̀ ni mo fi kún un.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gírámà ló fún mi nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, torí pé èmi ni káfíńtà tó ń bá a kan àga àti tábìlì. Ìgbà tí àwọn sójà ní kí gbogbo wa máa tò lórí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé ni. Akọ ajá ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, irun rẹ̀ sì funfun bí òwú. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tó dé. Ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀.

A gbé abọ́ omi kan síwájú rẹ̀, ó lá a gbẹ. A gbé òmíràn, ó lá a gbẹ, ó wá ń wo ojú wa. Nígbà tó yá, garawa la ń gbé fún un. Nínú òjò oṣù Òkúdù gan-an, kànga wa ń fà sílẹ̀. Ìbẹ́pẹ tó máa ń tọ̀ sí nídìí so èso tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè rí ibi tí gbogbo omi yẹn ń gbà. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ pákó, wọn ò sì tí ì kọ́ wa ní inú ajá nígbà náà.

Bó ti ń mu ló ń jẹ. Ikùn rẹ̀ wú, ó sọ̀ kalẹ̀. Irun ìhà rẹ̀ méjèèjì bọ́ lọ́gbọọgba, bíi pé bábà ló jókòó tì í. Télọ̀ tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa wá bá mi lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́ o. Abo ni mo fẹ́."

"Abo kí ni?"

"Ọmọ ajá yín. Ṣé ẹ ò rí oyún ni?"

Mo gbé ajá náà, mo fi abẹ́ rẹ̀ hàn án. "Wò ó dáadáa."

Télọ̀ wò ó títí. "Akọ ni! Bàbá, ilé yín nìkan ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, ó dárúkọ òyìnbó tó kọ́kọ́ rí irú àìsàn náà, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún ò dúró lẹ́nu mi.

"Bàbá, kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, kò tó ẹ̀wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pàṣẹ díẹ̀díẹ̀. Ti ajá yín ti wú, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́."

"Ta ló ń pàṣẹ fún?"

"Kókó méjì mìíràn tó wà lórí kíndìnrín. Àwọn ló ń da nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, òǹgbẹ ni, ebi ni, ikùn á wú, irun á bọ́."

"Bí ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá."

"Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀gá náà lẹ́nu mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "A ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbára àwọn ọmọ iṣẹ́ la máa dín kù. Àìsàn yìí ò ní tán o. Bíbójú tó la máa bójú tó o, títí ọjọ́ tí yóò kú."

Dókítà bá mi kọ lẹ́tà sí obìnrin òyìnbó náà, òun ló sì fi oògùn ránṣẹ́ láti ìlú rẹ̀, nítorí kò sí nítòsí. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án, kí n fi láílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́. Inú oúnjẹ elépo ni kí n máa fi sí, torí epo ló ń gbé e wọ ara. Ó wá mú ojú rẹ̀ le.

"Ojoojúmọ́ lẹ máa fún un, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í tó bá ń jẹun. Ọjọ́ tó bá gbé orí kúrò nínú abọ́ kí oúnjẹ tó tán, bó ṣe ojú yín lásán ló wò, ẹ má fún un mọ́. Oògùn ti ṣiṣẹ́ tó nìyẹn."

"Tí mo bá fún un kọjá ibẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn á kú tán, ajá náà á sì kú tẹ̀lé wọn."

Ọmọ Ìbefún ni ìyàwó mi. Nígbà tó gbọ́ pé oúnjẹ elépo ni, ó ní ìyẹn ò le, ìkọ́kọrẹ́ lòun máa máa sè fún un. Ẹ ò mọ ìkọ́kọrẹ́ obìnrin yìí. Ewùrà tó rin kúnná, epo, edé, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́. Ó ń sè é lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ yà kúrò lójú títì wọ àgbàlá wa. Dẹ́rẹ́bà búra pé òun ò fọwọ́ kan sítíárìn.

Àràárọ̀ ni mo ń jókòó ti ajá. Télọ̀ náà máa ń wá.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń ṣọ́ ọ ni, àbí ẹ fẹ́ bá a jẹ ẹ́?"

Ajá ò wò wá. Mo pàtẹ́wọ́, mo súfèé, mo fi òòlù lu páànù. Orí ò gbéra. Tí abọ́ bá gbófo tán, á máa lá a káàkiri ilẹ̀ títí abọ́ á fi kan ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ̀n, ó ṣubú. Ọkàn mi ò gbà kí n fi oògùn sí oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó na ọrùn níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ tán pátápátá. Mo sáré lọ pe dókítà.

"Bàbá, ó ti gbé orí sókè, ẹ ò sọ fún mi."

"Kò gbé e."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Mo lè purọ́ nípa ìbẹ́pẹ, dókítà. Mi ò purọ́ nípa èyí."

Télọ̀ ní, "Òótọ́ ni bàbá ń sọ. Ó ya èmi náà lẹ́nu."

Dókítà wo abọ́ tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá. "Kí lẹ fi ń fún un?"

 Ìyàwó mi bu ìkọ́kọrẹ́ sínú àwo, ó gbé e fún un. Dókítà ní ṣíbí kan péré lòun máa tọ́ wò. Ó jókòó. A dúró, a ń wò ó. Mo pè é, kò dáhùn. Ìgbà tí ṣíbí ha ìdí àwo ló tó gbé orí, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Màmá, ẹ ro ẹ̀bà lásán fún mi. Láìsí ọbẹ̀."

"Nínú ilé mi? Ẹ̀bà lásán?"

"Ti ajá ni, Màmá."

Nígbà tí ẹ̀bà tutù, a gbé e síwájú ajá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Oògùn ti ṣiṣẹ́ tó tipẹ́," dókítà wí. "Ebi ò pa á mọ́. Adùn ló ń jẹ."

Ó fi hóró oògùn funfun kan sí i lọ́nà ọ̀fun, ó ní èyí ló máa ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ò lè ṣe mọ́. Tó bá fẹsẹ̀ dìde kí oòrùn tó wọ̀, ó bọ́. Tí kò bá dìde, ká má retí rẹ̀. A jókòó yí i ká. Télọ̀ ò rán ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń pe ìrun alásárì lọ́wọ́ nígbà tó dìde, tó rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dé ìdí garawa, tó lá omi díẹ̀, tó sì fi ìyókù sílẹ̀. Mo yọjú wo inú garawa náà bí ẹni tó ń wo kànga. Omi wà níbẹ̀.

Látìgbà náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń fún un ní oògùn àkọ́kọ́ yẹn kí àìsàn má baà padà, díẹ̀ sì ni. Dókítà ní kí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ajá lè kọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ìyẹn. Ó se ìrẹsì lásán, ọwọ́ rẹ̀ ju edé sí i láìbi í léèrè. Mo ní kó jẹ́ kí n sè é. Ajá ò tilẹ̀ wá síbi ìkòkò tèmi, dókítà sì ní ìyẹn náà ò wúlò, kó máà dùn jù ni òun wí, òun ò ní kó burú. Obìnrin náà bá padà sídìí ààrò, ó ń bínú, ó fi epo bíńtín sí ìrẹsì, ó di ọwọ́ kejì mọ́ ẹ̀yìn kó má baà ṣèṣì fi nǹkan mìíràn sí i.

Ajá jẹ ẹ́ dé ìlàjì. Ó gbé orí sókè, ó wo ojú ìyàwó mi.

Mo pariwo, "Ó gbé e! Ó gbé e!" Télọ̀ sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn.

Ìyàwó mi ò jó. "Bàbá, kí ló ń wò? Kí ni kò dùn níbẹ̀?"

"Àlàáfíà ni, ìyàwó mi. Ohun tí à ń wá nìyẹn."

"Mo mọ̀."

 Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ abọ́ ajá, ó tọ́ ọ wò.