Ẹ̀rọ Tó Ní Apọ́nbẹ Dúró Sójú Kan

Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn Apọ́nbẹ dáadáa bí kò ṣe èmi. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pọ̀, mo sì mọ kẹ̀kẹ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Nígbà èwe mi, bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, òjìji mi á máa sáré tẹ̀lé mi, á máa bẹ̀ mí pé kí n rọra. Rédíò ni mo ń tún ṣe báyìí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo tú ti bàbá mi palẹ̀ ní ọjọ́ kan, mo tò ó padà, ó sì ń gbé ohùn ilé iṣẹ́ rédíò tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Apọ́nbẹ là ń sọ.

Ọ̀bẹ ló ń pọ́n. Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gan-an ni òkúta ìpọ́nbẹ wà, okùn rọ́bà kan ló so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, á fa irin ìdúró sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á gbéra nílẹ̀, á wá jókòó, á máa fẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì kíkan-kíkan. Òkúta á máa yí, iná á máa ta pàrà lára ọ̀bẹ, kẹ̀kẹ́ ò sì ní kúrò lójú kan. Àwọn alápatà, àwọn aránṣọ tí àlùmọ́gàjí wọn kújú, àwọn tó ń se oúnjẹ ní ẹ̀yìn ilé ìtura, gbogbo wọn ló mọ ìró agogo rẹ̀.

Yàrá kan ló ń gbé. Ibùsùn wà lápá kan, kẹ̀kẹ́ wà lápá kejì, ó fẹ̀yìn ti àga ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àga náà. Ife méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀kan ṣoṣo ni omi ń kàn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà ní òkèèrè, ó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí bàbá bá jí, ọmọ ń lọ sùn. Nígbà tí ọmọ bá jí, bàbá ti ń hanrun. Bí bàbá bá sì pè é, gbólóhùn kan náà ló máa ń gbọ́: "Bàbá mi, màá padà pè yín."

Ọmọ yìí ló fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Wọ́n ń dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Á máa gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, á máa fi ọ̀nà han ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, á máa díwọ̀n eré rẹ̀, á sì máa fi gbogbo ohun tó bá rí ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Apọ́nbẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ọmọ yín ní òun á máa fi í rí mi."

"Gbé e wá," ni mo wí. "Kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í kí mi."

Ìwé ìlànà rẹ̀ nípọn. Mi ò ṣí i, mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì mi tó ń mì. A de ẹ̀rọ náà, a gbé kẹ̀kẹ́ jáde, nítorí kì í rí sátẹ́láìtì lábẹ́ òrùlé. Àgbà méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a gbójú sókè bí adìẹ tó mumi. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ké "pín-ín", ọfà kékeré kan sì yọ láàárín àwòrán àdúgbò wa.

"Èmi nìyẹn?" ni Apọ́nbẹ bi mí.

"Ìwọ ni."

"Mo mà kéré o."

"Ibi tí wọ́n ti ń wò ẹ́ ló jìnnà."

Ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, ó wá ròyìn fún mi. Ó ní ẹ̀rọ náà mọ̀ pé òkè wà níwájú kí orúnkún òun tó mọ̀. Ó ní òjò pa á, kò kú. Ó ní bí òun bá yà sí kọ̀rọ̀ tí kò sí lọ́nà tí a yàn fún un, á ké bí ìyàwó tó ń jowú. Ohun kan ṣoṣo ló bí i nínú. Bó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ dúró tó ń pọ́n ọ̀bẹ, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú pé ó ń sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ̀rọ yìí ní mo dúró!"

"Ní tirẹ̀, ẹni tí kò bá kúrò lójú kan kò ṣiṣẹ́."

"Irọ́ ló ń pa mọ́ mi. Wọ́n á máa rò lọ́hùn-ún pé mo ti di ọ̀lẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ pè. "Bàbá mi, mo rí yín! Ẹ rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó pẹ́ níbì kan. Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ìyá mi."

"Ẹ̀rọ ní ẹ dúró."

Kí bàbá tó ṣàlàyé, wọ́n ti ké sí ọmọ níbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, fóònù dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Apọ́nbẹ gbà pé ojú ọmọ òun ò kúrò lára ọfà yẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀wù kó tó gun kẹ̀kẹ́. Á kọ́kọ́ tẹ̀ ba lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ìyá mi, a ti ń lọ o." Kò yà síbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mutí mọ́, kí ọmọ má baà rí i.

Alápatà ló kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Apọ́nbẹ! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́? Ṣé o ti fẹ́ ìyàwó tuntun ni? Ó mà kéré o, inú àpò ẹ̀wù ló máa máa sùn!"

"Ọmọ mi ń wò mí."

"Ọmọ ẹ ń sùn, jàre. Wá pọ́n ọ̀bẹ mi."

Ó wá di ọjọ́ kan, ní ẹ̀yìn ilé ìtura, omi ọṣẹ wà nílẹ̀. Táyà yọ̀, bàbá àti kẹ̀kẹ́ ṣubú gbì. Ìgúnpá rẹ̀ bó díẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tuntun, nítorí wọ́n ti ṣe é pé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú lójijì, kó ránṣẹ́ sí ọmọ. Bàbá ò tíì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ tán tí fóònù fi dún.

"Bàbá! Bàbá mi! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ dá mi lóhùn!"

"Mò ń gbọ́, ìyá mi. Kí ló dé tó ò ń pariwo?"

"Wọ́n ní ẹ ṣubú!"

"Mo ti dìde."

Ọmọ ò jẹ́ kó gbé fóònù sílẹ̀. Ó béèrè ìgúnpá, ó béèrè ohun tó jẹ, ó béèrè bóyá àga ìyá òun ṣì wà níbi tó wà. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí omi ọṣẹ fi gbẹ nílẹ̀. Nígbà tí Apọ́nbẹ dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ń dán ju agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, a sọ̀rọ̀!"

Àfi bí ìṣubú ṣe wá di léraléra. Ó ṣubú níwájú alápatà. Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ìṣubú kọ̀ọ̀kan ń mú ìpè tirẹ̀ wá. Èmi tí mo lè ka ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní òdìkejì títì, mo ń wo ọkùnrin tó ń ṣubú tó báyìí tí ṣòkòtò rẹ̀ ò ya. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó sáré bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó fò sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ológbò, ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ lọ dojú dé lórí koríko. Gbì! Ó yọ fóònù, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó dúró, ó ń wò ó. Mo ti rí ẹni tó ń retí ọkọ̀, mo ti rí ẹni tó ń retí òjò. Mi ò tíì rí ẹni tó retí nǹkan báyẹn rí. Nígbà tó dún, ó kọ́kọ́ jẹ́ kó dún díẹ̀, ó wá kérora sí i: "Áà, ìyá mi... ẹsẹ̀ mi..."

Mi ò bá a wí. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ pe èmi fúnra mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi, kẹ̀kẹ́ yẹn ti tó. Ọ̀kan nínú ìṣubú yìí ló máa pa wọ́n. Mo ti bá ẹni tó máa wá gbé e lọ sọ̀rọ̀, ọ̀la ló ń bọ̀. Kí wọ́n jókòó sílé, màá máa gbọ́ bùkátà wọn."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni Apọ́nbẹ wà nígbà tí mo jíṣẹ́ náà, ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí pẹ́dàlì. Òkúta ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀, òun náà sì dúró.

"Kẹ̀kẹ́ mi? Kí ni màá máa ṣe nínú yàrá yẹn, Ẹ̀gbọ́n? Kí n máa wo àga?"

"Sọ òtítọ́ fún un, kẹ̀kẹ́ ò ní lọ."

"Bí mo bá sọ òtítọ́, kò ní pè mí mọ́."

Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo fóònù. Nígbà tó yá, ó na fóònù sí mi. "Ẹ bá mi pè é."

Mo pè é, mo sì fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ohùn fóònù náà lọ sókè, kò sí bí mi ò ṣe ní gbọ́.

"Ìyá mi, mi ò ṣubú."

"Báwo, Bàbá mi?"

"Ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo ṣubú. Àwọn yòókù, èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ ṣubú."

"Ẹ tì í? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń fi aláìsàn sílẹ̀ lórí ibùsùn, kí n sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti pè yín? Mo máa ń rò pé ẹlòmíràn ló máa gbé fóònù yín."

"Dárí jì mí."

"Ẹ ò bá kàn pè mí."

"Mo máa ń pè. O máa ń ní o máa padà pè mí."

Èmi náà tí mo máa ń mú rédíò tó ya odi sọ̀rọ̀, mo mú ọ̀bẹ tó ń pọ́n, mo ń wo ẹnu rẹ̀. A gbọ́ tí ọmọ fọn ikun lọ́hùn-ún.

"Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n màá pa igbe ẹ̀rọ yẹn láti ibí. Mi ò lè máa kú lójoojúmọ́."

Bó ṣe pa á nìyẹn. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé kẹ̀kẹ́ ò dé mọ́. Ọmọ máa ń pè báyìí nígbà tó bá ní ìsinmi, bí ilé ìwòsàn ò bá kún. Ó máa ń kún. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ọfà ò sì lójú. Síbẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan fún bàbá rẹ̀ tí bàbá ò yéé tún sọ fún mi: "Bí mo bá rí i pé ẹ dúró, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe."

Ní ọjọ́ tí fóònù ò bá dún, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá. Mo ní ọ̀bẹ kan tí mo fi ń gé búrẹ́dì, kò kújú, n ó gbé e fún un. Á fa irin ìdúró sílẹ̀, á jókòó, á máa fẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì, òógùn á máa kán sórí ẹ̀rọ tó ní ó ń sinmi. Bó bá pọ́n ọn díẹ̀, á fọwọ́ kan àpò tí fóònù wà, á tún máa pọ́n ọn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí lánàá, ó gbé ọ̀bẹ náà sókè wò, "ọ̀bẹ yìí mà ti ń tínrín o."

"Pọ́n ọn," ni mo wí.