Òkú Tó Ń Ya Kánsẹ́lọ̀ Ó-ń-bọ̀ Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Bàbá Waliyullah Àkànó, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, kú ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá. Wọ́n kírun sí wọn lára lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì sin wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán tí wọ́n yà jáde nínú ìwé ìròyìn Ojú Àgbàlá. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, òmíràn jáde. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì jẹ́ kí bàbá sinmi.

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí, ẹ bá mi dúpẹ́. Inú mi ń dùn débi pé mo ń kí ọlọ́kadà tí n kò mọ̀ rí. Ayọ̀ yìí ò tiẹ̀ jẹ́ kí n lè bínú dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń gbìyànjú. Bàbá Àkànó ló fà á. Ní Old Garage, níbi táwọn èèyàn ti máa ń yí tábìlì olùtàwé ìròyìn ká láti kà á láìrà á, ni èmi àti Ẹkúndayọ̀, ọmọ Ọ̀tan-Ilé, ti jọ na ọrùn sí àwòrán wọn. Kánsẹ́lọ̀ Ó-ń-bọ̀, oníkùn ńlá tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú àwòrán, dúró sínú kòtò ojú títì, omi mù ún dé ìgbáròkó, ó ń gé ríbọ́ọ̀nù láti ṣí i. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, a forí gbárí.

Olùtàwé ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀fẹ́, ẹ má forí fọ́ tábìlì mi."

Ẹkúndayọ̀ yẹn lọkọ mi lónìí. Ṣé ẹni tó fa irú èyí ló yẹ kí wọ́n fi ikú rẹ̀ pamọ́?

Àwòrán àtijọ́ ni Ojú Àgbàlá ń tún tẹ̀, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹni tó yà á ti kú. Báwo lèèyàn ṣe máa fura? Kòtò ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ṣì ń ṣèlérí. Òǹkàwé kan láti Iléṣà tiẹ̀ kọ̀wé pé ọwọ́ bàbá túbọ̀ ń mú sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàwó wọn, Alhaja Kàdíjátù. Wọ́n wà nínú opó, wọn ò gbọdọ̀ jáde. Àwọn aládùúgbò ń na ìwé ìròyìn sí wọn lójú fèrèsé. "Alhaja, ọkọ tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yàwòrán lánàá o." Wọ́n ní ó ti fẹ́yàwó sí Iléṣà, ibẹ̀ ló ń yà á sí.

Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi lọ kí wọn, ọkùnrin méjì dé láti ọ́fíìsì ìjọba kan.

"Àkànó ń kọ́?"

"Wọ́n wà nílé. Wọn kì í jáde mọ́."

"Ẹ pè é. Ọ̀gá wa ní kó yé fi ikùn àwọn ṣẹ̀sín."

Alhaja mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé láti nawọ́ sí sàréè fún wọn. Ọ̀kan yára ṣí fìlà. Èkejì wo sàréè títí, ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún un kó dẹwọ́ díẹ̀. Ìdìbò ti sún mọ́lé."

"Ẹ sọ fún wọn fúnra yín."

Ọkùnrin náà lóṣòó, ó sì sọ ọ́.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Alhaja náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, ìwé ìròyìn nìkan ni ìlú yìí gbà gbọ́, ìwé ìròyìn sì ní ọkọ mi ò kú."

Mo pe olóòtú Ojú Àgbàlá. Ó ní wọ́n tètè sin bàbá, kò sẹ́ni tó fi tó ọ́fíìsì létí. Ẹni tó jókòó níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, tó jẹ mọ́sà, tó tún di díẹ̀ lọ sílé, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní òun ò fẹ́ ba àwọn òǹkàwé nínú jẹ́ ni. Ti opó wá ń kọ́?

Olóòtú, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ yọ Kánsẹ́lọ̀ kúrò lójú ewé náà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé Waliyullah Àkànó, tó ń ya àwọn àwòrán yìí, ti kú, pé ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e lọ sílé Alhaja, kí ẹ dúró lójú fèrèsé yẹn, kí ẹ kà á sókè kí gbogbo àdúgbò gbọ́.