Bí A Ṣe Yan Ọkọ̀ fún Àwọn Ọmọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Kà

Táyà méjì ló kọ́kọ́ gba ọkàn mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí nígbà náà, kò sì sí ohun tó pa èmi àti mọ́tò pọ̀ ju pé kí n wọ̀ ọ́, kí n sì sọ̀ níbi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ kan, pákó ìdí bọ́lẹ̀kájà kan já lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, wọ́n sì pè mí kí n wá kàn án. Awakọ̀ ti fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè, ó ti fi í sí jíà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì kò kan ilẹ̀. Bí mo ti fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo fi ọwọ́ ti táyà ọ̀tún síwájú. Táyà òsì yí sẹ́yìn. Mo dúró. Mo fa ọ̀tún sẹ́yìn, òsì yí síwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, mo rí irin róbótó kan bí ìkòkò láàrin àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ìkòkò yìí?"

"Gíríìsì," ni awakọ̀ náà dá mi lóhùn, ó sì ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni, gíríìsì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gíríìsì kọ́ ló ń yí táyà òsì sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ayùn kò dùn mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́. Mo lọ sí Òṣogbo lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Súlè, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n máa wo iṣẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní n kò gbọdọ̀ mú sípánà títí etí mi yóò fi mọ ohun tó ń dun ọkọ̀. "Etí ni sípánà àkọ́kọ́," ni ó máa ń wí. Èyí tó kù, èmi ni mo kọ́ ara mi. Irin tí wọ́n bá sọ nù ni mo máa ń ṣà, tí mo máa ń tú palẹ̀ sórí ẹní. Báyìí ni mo ṣe tú ìkòkò irin kan tó ti fọ́, mo sì bá jíà kéékèèké nínú rẹ̀ tí eyín wọn wọ inú ara wọn. Tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà tó wà lóde ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti èyí tó wà nínú lọ. Àwọn jíà wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ọ̀kan sáré ju èkejì láìsí ìjà. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Nígbà tí mo padà sí Ìlá, mo pa àgọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń wá bi mí irú ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n rà. Ọ̀rọ̀ oníkòkó kò le rárá. Àpò mélòó lo fẹ́ kó? Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà? Bí ó bá ti dá mi lóhùn, mo ti mọ ọkọ̀ tí yóò rà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí Tíṣà Olúwọlé dé.

Tíṣà ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ kan níhìn-ín. Kọ́mfọ́ọ̀tì ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìgbájọ, aránṣọ ni. Wọ́n ti gbé ara wọn níyàwó ju ọdún kan lọ, ọmọ kò sì tíì dé. Ilé ìwé gbà láti ran Tíṣà lọ́wọ́ kí ó ra ọkọ̀, irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í sì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá sí àgọ́ mi.

"Làmídì, ọkọ̀ ìdílé ni mo fẹ́," ni Tíṣà wí. "N kò fẹ́ èyí tí màá rà lónìí tí yóò kéré jù lọ́la. Kí àwọn ọmọ tó dé ni kí á ti múra sílẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ọmọ mélòó?"

Ìyá Tíṣà, tó ti jókòó sórí àpótí mi, dìde.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ọmọ mélòó, Màmá, kí n lè mọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ yóò..."

"Ìwọ Làmídì! Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Àwọn tí Ọlọ́run ò tíì fún wa lo fẹ́ kà? Ṣé iṣu ni wọ́n ni?"

"Ẹ foríjì mí, Màmá. Ọ̀rọ̀ síríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ni."

"Kí síríǹgì pa ẹnu rẹ̀ mọ́!"

Síríǹgì pa ẹnu rẹ̀ mọ́, èmi náà pa tèmi mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ yan ọkọ̀ fún ẹrù tí n kò gbọdọ̀ béèrè iye rẹ̀?

Oníṣòwò kan ní Òṣogbo, tí mo máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe, gbà kí n kó mẹ́ta wá sí iwájú agbo ilé Tíṣà ní Ìlá kí wọ́n lè wò wọ́n. Èkíní jẹ́ ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn méjì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí oyin, kì í mu epo púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó sẹ́yìn ní láti ká àga iwájú kí ó tó rá wọlé. Èkejì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó gùn, ó ń dán, àga rẹ̀ rọ̀. Tíṣà rí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀kẹta ni wáágọ̀nù kan tí ara rẹ̀ láti àárín dé ìdí jẹ́ pákó tí wọ́n kùn. Ó ga nílẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá kan ṣí ní ìdí rẹ̀, bẹ́ǹṣì kan sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn èrò ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò burú, kò sì dára jù. Ní tòótọ́, pákó rẹ̀ wù mí. Bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ mọ́ra, ìṣó kan kò yọ lójú.

"Ilé adìyẹ rèé," ni Tíṣà wí. "Ṣé kí n máa wa ilé adìyẹ lọ sí ilé ìwé ni?"

Ìyá Tíṣà fẹ́ ilẹ̀kùn púpọ̀. Ó ní ilé tí ọmọ yóò gbé kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo bi Kọ́mfọ́ọ̀tì léèrè èyí tó wù ú. Ó ní èyí tí a bá ti yàn náà ni. Orí mi ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà àti ìyá rẹ̀ wà nídìí ọkọ̀ gígùn, tí ìyá ń ṣí ilẹ̀kùn kan tí ó ń ti òmíràn, Kọ́mfọ́ọ̀tì sún mọ́ mi.

"Bọ̀dá Làmídì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ pé èyí tó kéré ló dára jù."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ò rí bí àga ẹ̀yìn ìyẹn ṣe fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì? Ojoojúmọ́ la ó máa gba iwájú ọjà kọjá, èmi àti Tíṣà níwájú, ẹ̀yìn á ṣófo. Ta ni kò ní wò ó? Bí mo bá wà nílé, mo lè tilẹ̀kùn. Gíláàsì ni gbogbo ara mọ́tò."

"Ẹ jẹ́ kí á ra kékeré, nígbà náà."

"Bí a bá ra kékeré, Màmá á ní èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ ọmọ."

Mo ti wọn táyà, mo ti wọn bírékì, mo ti wọn bí omi ṣe ń gbóná nínú réédíétọ̀. N kò wọn òfìfo rí.

Mo ronú, mo sì rò pé mo ti rí i. Mo mú Tíṣà lọ sídìí wáágọ̀nù. Mo ní mo lè fi ìdè bíi ti ilẹ̀kùn sí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kí ó máa ká mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Kọ́mfọ́ọ̀tì á máa kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé síbẹ̀ lọ sí Ìrèsì àti Ìgbájọ. Nígbà tí Ọlọ́run bá dáhùn, a ó gbé e nàró. Ojú Kọ́mfọ́ọ̀tì là. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé ó dára.

"Ẹ fẹ́ ká àga ọmọ mọ́lẹ̀ kí ọmọ tó dé?" ni Ìyá Tíṣà bú sí wa. "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tí ẹ ń sọ?"

Ó parí nìyẹn. Mo fi rúlà mi sápò. Èmi tí mo tú ìkòkò irin palẹ̀ tí mo sì tò ó padà, ọkọ̀ mẹ́ta wà níwájú mi, n kò mọ èyí tí màá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Ìyá Tíṣà ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ gbé wọn lọ dán wò ní òkè Ìgbájọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ lófìfo. Ní ilé wa, bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lẹ́sẹ̀, torí ọmọ ní í pe ọmọ wá. "Ọkọ̀ tuntun náà, ìyàwó ni," ni ó wí. Ó kọjú sí agbo ilé, ó ké sí àwọn ọmọ.

Wọ́n tú jáde bí eéṣú. Inú mi dùn jọjọ, mo ti rí ẹrù wọ̀n wàyí. Mo na ìka: "Ọ̀kan, èjì..." Ìyá Tíṣà gbá ọwọ́ mi bọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi. Síríǹgì abẹ́ ọkọ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ìwé. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni ó ṣe ń tẹ̀, bí ó bá sì ti tẹ̀, àlàfo tó wà láàrin táyà àti mọ́gáàdì á dín. Mo ti mọ̀ láti ara àwọn oníkòkó pé àpò kan ń gba nǹkan bí ìdajì íǹṣì nínú àlàfo irú wáágọ̀nù bẹ́ẹ̀. Rúlà á sọ ìwọ̀n wọn fún mi, n kò ní ka orí ẹnikẹ́ni.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ rá wọlé, Ìyá Tíṣà tẹ̀lé wọn, ó sì há sáàrin àga àti ilẹ̀kùn.

"Ẹ fà mí jáde o! N ò tíì fẹ́ kú sínú agolo!"

A fà á jáde. Ọkọ̀ gígùn gba gbogbo wọn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi rúlà sí i, àlàfo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lójú ọ̀nà Ìgbájọ, níbi tí àárín ọ̀nà ti yọ gègé, òkúta ni yóò máa ha ikùn rẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ó wá ku ilé adìyẹ. Àwọn kan gba ìdí wọlé, àwọn kan gba ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan gba ojú fèrèsé. Ìyá Tíṣà jókòó sáàrin wọn. Lófìfo, àlàfo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ. Ó di márùn-ún àti ààbọ̀. Ẹrù àpò kòkó márùn-ún nìyẹn, ó sì ṣẹ́ kù.

Mo wa ọkọ̀ náà, Tíṣà àti Kọ́mfọ́ọ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Jíà kejì ni mo fi gun òkè Ìgbájọ, àyàfi kọ́nà tó kẹ́yìn tí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èkíní. Omi kò hó. Bàbá Kọ́mfọ́ọ̀tì jáde sí wa, ó wo bí àwọn ọmọ ṣe ń dà sílẹ̀.

"Àna mi, ṣé ẹ ṣẹ́ ẹnì kan kù sí Ìlá báyìí?"

Ní bíbọ̀ wa, a gba iwájú ọjà. Mo rí i tí Kọ́mfọ́ọ̀tì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin lórí itan. Àwọn ènìyàn ń wò wá lóòótọ́. Orí àwọn ọmọ kún gbogbo fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí wọn. Obìnrin kan nídìí igbá ata ké sí wa:

"Ìyàwó Tíṣà! Ṣé kò sí àyè fún èmi náà ni?"

Kọ́mfọ́ọ̀tì yọ orí síta.

"Kò sí àyè!" ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Ó ti kún! Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà wò ó, ó wo èmi.

"Làmídì," ni ó wí, "ilé adìyẹ náà ni."

N kò tíì mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mẹkáníìkì mìíràn di òní. Ẹ́ńjìnnì ti kékeré dára ju tirẹ̀ lọ. Àga ti gígùn rọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ìdí tí a fi yan onípákó, kí ni kí n wí? Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ agbo ilé sọ ọkọ̀ yẹn di ti ara wọn. Bí Tíṣà bá ti yí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ náà dé níkẹyìn, òmíràn tẹ̀ lé e. N kò kà wọ́n.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ìdí rẹ̀ ti ń sún mọ́lẹ̀ jù. Mo ní kí gbogbo wọn wọlé bí wọ́n ṣe máa ń wọlé, mo fi rúlà sí i: íǹṣì mẹ́rin. Mo fi ewé irin kan kún síríǹgì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, mo sì ní kí wọ́n tún wọlé. Lánàá, tọmọ tẹrù, wọ́n fi jíà kejì gun òkè Ìgbájọ dé òpin láìyí i padà, àlàfo ẹ̀yìn sì jẹ́ íǹṣì mẹ́fà.