Òkè Tógò Tí N Kò Gùn

Mo ń fi òwú dúdú wọn ọ̀nà lórí àwòrán ilẹ̀ Tógò nígbà tí ìyá mi wọlé wá sọ pé bàbá olóbì ti dé láti ìrìnàjò. Ọ̀sán ọyẹ́ ni. Eruku bo ojú ọ̀run débi pé a lè wo oòrùn lójúkojú, bí ẹni ń wo àwo funfun. Mo ká òwú náà, mo dìde.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira nìyẹn. Olùkọ́ ni mí ní Adja-Ouèrè, n kò tíì lọ́kọ. Ilẹ̀ wa tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá gun ọ̀pẹ lọ́dọ̀ wa ló ga jù. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Àjàṣẹ́, mo rí àwòrán òkè Tógò kan tí ìkùukùu bo ìbàdí rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì yọ lókè. Láti ọjọ́ náà ló ti wù mí kí n fi ẹsẹ̀ ara mi gun òkè náà, kí n dá nìkan gùn ún.

Ọdún méjì ni mo fi múra. Mo ti gba ìwé ìrìnnà, mo ti ra bàtà rọ́bà, mo sì ti kọ gbogbo ohun tí n óò gbé sílẹ̀: gààrì, iyọ̀, ìṣáná, aṣọ òtútù kan. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí sọ ibi tí obìnrin kan lè sùn sí láìséwu. Bàbá olóbì nìkan ni mo mọ̀. Àwọn abúlé orí òkè náà ló ti máa ń ra obì tó ń tà lọ́jà Ikpinlè.

Ìyá mi bá mi lọ. Bàbá náà jókòó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá."

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Háà! O ti ṣáájú mi délé?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní ọ̀nà òkè ni mo wá béèrè.

"Ẹ gbọ́ o! Obìnrin ò fẹ́ ọkọ, òkè ló fẹ́ fẹ́. Ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ júwe fún mi lo wá ń béèrè? Nígbà tí ìkùukùu dá mi dúró lókè lọ́hùn-ún, ta ló jáde sí mi, tó fún mi lómi, tó ní kí n gba apá ọ̀tún àpáta? Èdè Ọ̀họ̀rí tiwa níbí lo fi kí mi. Mo béèrè ọmọ ibo ni ọ́, o ò dáhùn. O kàn ń pe àwọn ọmọ rẹ méjèèjì wọlé ni."

"Bàbá, mi ò bímọ. Mi ò sì tíì débẹ̀ rí."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó fa ọwọ́ òsì mi, tó yí i padà, tó wo ọrùn ọwọ́ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó rọra fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Àpá iná wà lọ́wọ́ tirẹ̀," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni epo gbígbóná dà sí lọ́wọ́ òsì nígbà kékeré, níbi tí wọ́n ti ń se epo pupa. Àwa méjèèjì jọra gan-an. Ó kú nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní girama; ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ẹ̀yìn ilé wa la sin ín sí. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe da erùpẹ̀ bò ó. Bàbá olóbì kò tíì ṣí wá sí Adja-Ouèrè nígbà náà; kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́dọ̀ wa, a gbà pé ẹni tó kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé a máa lọ gbé ìlú mìíràn, a máa ṣiṣẹ́, a máa bímọ. Àkúdàáyà là ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, yóò pòórá, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Mo ń retí kí ìyá mi pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú bàbá náà, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé:

"Ṣé ó sanra?"

"Ìyá, ara rẹ̀ dá."

"Ọkọ rẹ̀ kì í lù ú?"

"Mi ò rí ọkọ rẹ̀. Àmọ́ ilé wọn mọ́. Igi ìdáná kún ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin."

Ìyá mi mi orí, bí ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ tó ti ń retí fún.

Nígbà tí a ń padà, ọ̀nà oko àgbàdo la gbà. Àgbàdo ti gbẹ, ewé kan kò mì. Ìyá mi wà níwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn, kì í ṣe èmi ló ń wò. Òkè èjìká mi ló ń wò. Èmi náà yíjú. Kò sí ẹnì kankan.

"Màmá, èèyàn a máa jọ èèyàn. Iná sì lè jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Mo gbọ́."

"Ọdún méjì ni mo fi múra. Ṣé kí n má lọ ni ẹ̀ ń wí?"

Ó dúró. Ohun tó sọ ni kò jẹ́ kí n lọ, nígbà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, òkè kan lásán lo pàdánù. Tó bá jẹ́ òun ni, lálẹ́ ọjọ́ tí o bá débẹ̀, ta ni yóò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ yẹn?"