Fáànù Iléyá

Bí fáànù mi bá ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, inú máa ń bí mi tẹ́lẹ̀. Lọ́dún Iléyá kan, bàbá mi gbé irú rẹ̀ lé èmi ọmọ kékeré lórí itan nínú ọkọ̀ ojú irin, láti Òṣòdì títí dé abúlé. Irin rẹ̀ ń gún mi, òórùn àgbò gba gbogbo ọkọ̀. Ìyá mi ní, "Bàbá Ràfíù, ṣé iná ti dé abúlé yín ni?"

Iná wo! Bàbá gbé e síwájú ìyá wọn, Bàbá ti ìka bọ inú fáànù náà, wọ́n ń fọwọ́ yí i.

Ìyá àgbà dijú. "Áà, ó tutù, ọmọ mi."

Mo pariwo, "Irọ́ ni!" Ìyá mi gbá mi lẹ́nu.

Ìgbà tí ọmọ tèmi darí wálé láti ìdálẹ̀ ni mo tó mọ atẹ́gùn tó fẹ́ sí Ìyá àgbà lọ́jọ́ náà.