Irú Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́

Ìyá mi kì í pe àgbàdo tó so kọ́ sókè ààrò ní àgbàdo. Irú ló ń pè é. Àgbàdo ni èyí tí à ń jẹ. Irú ni èyí tí a fi pamọ́ fún gbígbìn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ebi ì báà máa pa wá. Lára ẹyọ kan ṣoṣo, hóró funfun wà níbẹ̀, pupa wà níbẹ̀, dúdú náà wà níbẹ̀. Àárín rẹ̀ ló ti máa ń yọ èyí tó máa gbìn, á da ti orí àti ti ìdí fún adìẹ. Lọ́dún tí omi bo àkùrọ̀ wa lọ́nà Òde-Ayé, àgbàdo àwọn aládùúgbò jẹrà, tiwa dúró.

Èmi wá lọ kàwé nípa irúgbìn. Níbi iṣẹ́ mi, ohun tí à ń lé ni kí gbogbo àgbàdo ga dọ́gba, kí ó sì so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé àpò irú tuntun kan wálé. Mo ní, “Ìyé, ẹ fi alábàwọ́n yẹn sílẹ̀, ẹ sè é jẹ.” Ó gba àpò náà, ó ní èmi ni mo kàwé. Ayọ̀ mú mi ra gáàsì ìdáná fún un, kí èéfín má bàa pa á lójú mọ́.

Àgbàdo tuntun náà so lóòótọ́. Lọ́dún kejì, ìyá mi ṣa irú lára rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó gbìn kò so nǹkan gidi. Èmi ni n kò sọ fún un pé ọdọọdún ni wọ́n ń ra irú bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn wọ oko ìwádìí wa. Nítorí pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ṣubú ni gbogbo wọn ṣubú. Ọ̀gá mi ní ká wá àgbàdo àtijọ́ tí a ó fi gba tiwa là. Mo fọ́nnu pé ó wà nílé wa. Lọ́nà ilé, mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Osooro àti Àjàgbà, wọ́n ní àwọn ti jẹ tàwọn tipẹ́.

Ìyá mi wọ ilé ìdáná àtijọ́. “Ọma mi, n kò sè é tán. Mo mọ̀ pé o máa béèrè.” Ẹyọ kan ló sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe gbà á, ìyẹ̀fun dà sí mi lọ́wọ́, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Èéfín ló ń bá a lé kòkòrò, ààrò yẹn kò sì rí iná mọ́ láti ìgbà tí mo ti ra gáàsì. Ojú ìyá mi ti ń ṣe bàìbàì, kò rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, mo sì rọra wé e sínú bébà.

Hóró mọ́kànlá ló ṣẹ́kù tó jọ pé ó dára. Mo gbìn wọ́n sínú ike lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mò ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Ìkankan ò hù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá mi pè mí pé ṣé irú náà ti hù. Mo purọ́, mo ní ó ti hù. Ó tún pè, ó ní ṣé ó ti ga tó orúnkún. Mo ní ó ti tó. Lánàá, ó ní òun ti ro àkùrọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ kó púpọ̀ bọ̀, ẹyọ kan péré ti tó ṣe irú.