Okùn Ìdí Mi

Ní àdúgbò wa ní etí omi Ìlàjẹ, ilé orí òpó là ń gbé, omi ló sì wà lábẹ́ pákó tí à ń tẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ dáná á fi okùn so ọmọ tó ń rákòrò mọ́ òpó ilé, kó má baà já sómi. Bí ọmọ bá ti mọ̀wẹ̀, wọ́n á tú u. Èmi ni wọn ò tú bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá omi lọ kí wọ́n tó bí mi, ìyá mi ò sì tẹsẹ̀ bọ omi mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, okùn ṣì wà nídìí mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi á lúwẹ̀ẹ́ kọjá, wọ́n á máa pè mí ní ewúrẹ́. Ó dùn mí wọra.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi di tíṣà tí kì í lè jókòó sínú kíláàsì. Orí afárá pákó la ti ń fi ọ̀pá ọkọ̀ wọn bí omi ṣe jìn tó. Ìdí igi etí omi la ti ń ka akàn. Nígbà tí mo ní kí a wa ọkọ̀ lọ sí Araromi, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí ibi tí òkun jẹ ilẹ̀ dé, bàbá kan dìde níbi ìpàdé òbí.

"Àǹtí, bí ọkọ̀ bá dojú dé, ta ni yóò yọ ta? Ẹ̀yin gan-an ò mọ̀wẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ní àfi kí n lúwẹ̀ẹ́ lójú àwọn òbí, láti afárá dé òpó tí àwọn apẹja ń so àwọ̀n mọ́, kí n sì padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ìta ti parí nìyẹn. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Oṣù méjì gbáko làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi kọ́ mi. "Àǹtí, ẹ má bá omi jà!" Bí mo ṣe ń jágbe mọ́ wọn nídìí ìṣirò ni wọ́n ṣe ń jágbe mọ́ mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, ìyá mi gbé okùn dé.

"Ọma mi, jẹ́ kí n so ọ́."

Mo ti lé ní ogójì ọdún, gbogbo òbí sì ń wò wá. Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ ó ti ń ká okùn náà mọ́ mi nídìí. Mo gbápá sókè, ó so ó, ó sì di orí kejì mú.

Mo lúwẹ̀ẹ́. Kò dùn ún wò, mo sì mumi yó, ṣùgbọ́n mo dé ìdí òpó, mo dì í mú. Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé okùn ò fà mí rárá. Mo bojú wẹ̀yìn. N ò rí ìyá mi lórí afárá mọ́.

Okùn náà ni kò gùn tó. Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, omi mù ún dé àyà, ó na apá síwájú, ó di orí okùn mú. N ò rántí ìdánwò kankan mọ́. Mo lúwẹ̀ẹ́ padà lọ bá a.